Oríkì Ọlọ́jọ́-Mẹ́rìnlá-tí-Kì-í-Pé

Owó iléèwé ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Iléèwé aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo òbí lọ́dún 2020 pé táàmù kẹta ti bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp, kí kálukú wá sanwó. Orí àga mi lọmọ jókòó sí o. Omi àmù mi ló ń mu, dátà mi ló ń jó, èmi fúnra mi ni mò ń nàka sí i pé "ìdá méjì nínú mẹ́ta ni mo wí, kì í ṣe ìdá mẹ́ta nínú méjì!" Èmi tí mo ṣe gbogbo ìyẹn náà ni mo tún jẹ gbèsè owó iléèwé. Mo rò ó títí, mo rí i pé òfin kónílé-ó-gbélé ìgbà kòrónà ló fà á, ẹni tó bá sì lè fi ọwọ́ kan ṣe irú èyí fún èèyàn kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọba ni. Ọba kì í sì í wọ̀lú kí ará ìlú dijú. Ẹ jẹ́ kí n kì í.

Kónílé-ó-gbélé, mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀,
Kónúlé-ó-gbúlé lẹ́nu àwa ará Èkìtì,
Ọlọ́jọ́-mẹ́rìnlá-tí-kì-í-pé,
Asọ-ìyá-di-tíṣà, asọ-bàbá-di-ọ̀gá-iléèwé tí kò lówó oṣù,
Atìlẹ̀kùn-má-mú-kọ́kọ́rọ́-dání,
Ọba tí kì í jẹun, tó ní kí ebi má pa wá.
Kábíyèsí!

Ní apá ibi tiwa yìí, a mọ ọba. Ajerò wà ní Ìjerò, Alárá wà ní Arámọ̀kọ, Aláayè wà ní Ẹ̀fọ̀n. Kò sí èyí tí kò ní ìdílé nínú wọn, kò sí èyí tí afọbajẹ ò mọ ọ̀nà tó gbà dórí oyè. Ìwọ nìkan lọba tó gba inú rédíò wọ Odò-Ọwá, ìlú wa. Ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Kí oṣù náà tó kógbá wọlé, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ti dé ọ ládé. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí. Iléèwé ti wà ní títì ká tó ṣẹ́jú. Wọ́n ní ká fara balẹ̀, pé ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni.

Péré!

Ọlọ́jọ́-mẹ́rìnlá-tí-kì-í-pé, ọmọ ọjọ́ mẹ́rìnlá, bàbá ọjọ́ mẹ́rìnlá.
Mẹ́rìnlá bí mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá pọn mẹ́rìnlá sẹ́yìn.
A ní ó ku ọ̀la, o ní ó ku mẹ́rìnlá.
Bí o bá jẹ́ gbèsè ni, gbèsè a máa tán.
Bí o bá jẹ́ oyún ni, oyún oṣù mẹ́sàn-án a máa sọ̀ kalẹ̀.
Ọrún ọjà a pé, ìsán a pé,
Ìtàdógún kì í yẹ̀ lọ́wọ́ alájọ,
Tìrẹ nìkan ni kò lójú, tí kò nídìí,
Bí a bá kà á látòkè, mẹ́rìnlá. Bí a bá kà á nísàlẹ̀, mẹ́rìnlá,
Bí a bá sùn tì í, ó ti di mẹ́rìnlá ká tó jí.

Kì í ṣe àwa nìkan lo bá ṣe é. Ààrẹ Muhammadu Buhari náà fún Èkó, Ògùn àti Àbújá ní mẹ́rìnlá tiwọn láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù kẹrin tí gbogbo èèyàn ti ń wá bàtà, ó fi mẹ́rìnlá mìíràn lé e. Tiwa ní Èkìtì ò gbẹ́yìn, àfikún ń gun àfikún. Ọmọ mi tó wà ní kíláàsì kẹta wò mí lójú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màámi, ṣé mẹ́rìnlá ti ìjọba yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìṣirò wa ni?" Ìwé ìṣirò náà ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó lọ bu omi wá.

Àjíǹde ọdún náà, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, bọ́ sínú mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ gan-an. Ẹni tó bá mọ Odò-Ọwá mọ ohun tí Àjíǹde jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ará Èkó ń bọ̀, ará Ìbàdàn ń bọ̀, búrẹ́dì ń bọ̀, bàtà àwọn ọmọ ń bọ̀ nínú báàgì àbúrò bàbá wọn. Lọ́dún yẹn, Jésù nìkan ló jáde.

Asọ-ìyá-di-tíṣà, jẹ́ kí n dé orí oríkì tìrẹ yìí, òun ló dùn mí wọra jù. Èkìtì tí a fi ń yangàn pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tí àwọn baba wa ta iṣu ta kòkó tán kí ọmọ lè dé yunifásítì, níbẹ̀ lo ti fà mí dìde nídìí ọjà mi, tí o ní kí n wá fi ohun tó ṣẹ́ kù lórí mi láti ìwé mẹ́fà kọ́ ọmọ. Ìjọba gbìyànjú, n kò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n ń gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà lórí afẹ́fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iná kò sí nínú wáyà. Ìgbà tí iná bá sì dé, ẹ̀kọ́ ti lọ sílé.

Ó wá ku fóònù. Fóònù kan, ọmọ mẹ́ta, bátìrì tó ti wú bí àkàrà. Tíṣà á fi ohùn ránṣẹ́: "Gúdú mọ́nìn, kíláàsì." Kó tó dé orí ohun tó fẹ́ kọ́ wọn, àkùkọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ á ti kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó rẹ̀ á pè é láti ilé ìdáná pé níbo ló gbé epo sí, òun náà á sì dáhùn pé ó wà lábẹ́ tábìlì. Ó parí, ó ní kí àwọn ọmọ kọ gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Èyí àbígbẹ̀yìn mi kọ ọ́ tinútinú. Mo ṣí ìwé rẹ̀ lálẹ́, mo bá a nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, pẹ̀lú déètì lókè àti ìlà lábẹ́: "Epo wà lábẹ́ tábìlì." Lójú tèmi, òun ló yẹ kó gba ipò kìíní, torí òun ló fetí sílẹ̀ jù.

Nígbà tí ìdá kò yé wọn lórí ìwé, mo mú iṣu kan, mo gé e sí mẹ́ta lójú wọn. Mo ní èyí ni ìdá kan nínú mẹ́ta, méjèèjì yìí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè. Kí n tó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ìdá méjì ti wà lórí iná, wọ́n sì ń du èyí tó kù. Gbogbo wọn ló pàsì.

Asọ-ìyá-di-tíṣà, asọ-tíṣà-di-ohùn-inú-fóònù,
Asọ-ọmọ-di-adájọ́ tó ń ṣe ìdájọ́ ìyá rẹ̀:
"Àǹtí wa kì í ṣe é báyìí, Màámi."
Àǹtí yín dà? Ẹ lọ pè é kó wá.
Asọ-pálọ̀-di-kíláàsì, asọ-kíláàsì-di-ibùsùn,
Asọ-ibùsùn-di-pápá-bọ́ọ̀lù láàárọ̀ kùtù,
Asọ-pàṣán-di-gègé, asọ-gègé-di-pàṣán nígbà tí sùúrù bá tán.

Àwọn oríkì rẹ tó kù kò gùn. Wọ́n ní ká fi mítà méjì jìnnà síra wa. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo háyà. Bí mo bá fi mítà méjì sáàárín èmi àti àkọ́bí mi, àkọ́bí á bá ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná aládùúgbò. Wọ́n ní ká máa fọwọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn. Omi tó ń ṣàn tí mo mọ̀ ni ti odò àti ti imú ọmọ kékeré. Ìbòmú tí mo fi àṣẹ́kù aṣọ rán fún wọn, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi yọ rọ́bà ẹ̀ ṣe kànnàkànnà, àwọn alángbá ògiri ló mọ èyí tó ṣe wọ́n.

Àní, ṣé èmi gan-an ni òfin náà tilẹ̀ bá wí? Kónílé-ó-gbélé ni wọ́n pè é. Èmi ò nílé, mo háyà ni. Onílé wa gbélé lóòótọ́, ó gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu, ó wá ráyè jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka àwọn tó jẹ ẹ́ lówó bí wọ́n ṣe ń wọlé. Onílé gbélé, ayálégbé gbélé, owó ilé nìkan ni kò gbélé, òun ló ń jáde. Ọjà kò sí, ṣùgbọ́n àdéhùn kò sinmi.

Àwọn tó ṣe orí kunkun sí ọ, o fi wọ́n jófin. Ní Èkó, òṣèré Fúnkẹ́ Akíndélé tí a ń pè ní Jẹ́nífà ṣe ọjọ́ ìbí fún ọkọ rẹ̀ nínú oṣù kẹrin 2020, wọ́n gbé wọn dé kọ́ọ̀tù, wọ́n bu 100,000 náírà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìlú ọjọ́ mélòó kan lé e. Ẹ gbọ́ iye ọjọ́: mẹ́rìnlá! Ọlọ́jọ́-mẹ́rìnlá, o dé kọ́ọ̀tù náà! Àmọ́ mo gbóríyìn fún ilé ẹjọ́ yẹn, torí mẹ́rìnlá tiwọn lópin. Ọmọ mi obìnrin tí ọjọ́ ìbí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù karùn-ún gbọ́ ìtàn Jẹ́nífà, ó ní òun kò ṣe mọ́, kí wọ́n má baà wá mú èmi.

Ẹ jẹ́ kí n tú gèlè ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

N kò sọ pé irọ́ ni àrùn náà. Ó pa èèyàn, kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Gómìnà Fáyẹmí fúnra rẹ̀ kéde nínú oṣù keje 2020 pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní i. Bóyá ó yẹ kí a ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé nígbà tí ẹ ń ti ìyá mọ́lé pẹ̀lú ọmọ, kí lẹ rò pé wọn yóò jẹ? Obìnrin tó ń ta ata lójúmọ́ tó fi ń jẹ lójúmọ́, ẹ ní kó jókòó. Àwọn àgbà ti wí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ wá ní kí ìṣirò wọ̀ ọ́. Àwọn olówó orílẹ̀-èdè yìí dáwó jọ lábẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní CACOVID, wọ́n fi ra oúnjẹ fún àwọn aláìní káàkiri ìpínlẹ̀. Oṣù kẹwàá 2020 ni àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rù ní Mazamaza l'Ékòó, tí wọ́n bá oúnjẹ náà níbẹ̀ ní ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́, lẹ́yìn náà ló di ti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Àwọn gómìnà ní àwọn kò kó o pamọ́, pé ètò pípín ṣì ń lọ lọ́wọ́. Oṣù kẹwàá! Ebi oṣù kẹrin ni wọ́n ń ṣètò ìrẹsì rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ojú mi rí ọmọ tó sùn lórí omi gaàrí tí kò ní gaàrí nínú. Ẹ má ní kí n fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Ọmọ aládùúgbò mi wà ní kíláàsì àṣekágbá. WAEC tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin, ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ló bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ó ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀kadà, owó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojúbolẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ jókòó ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ni kò rí ẹni bẹ̀ wọ́n.

Ó dáa, mo ti wé gèlè mi padà.

Kábíyèsí Kónílé-ó-gbélé, o jọba, o lo gbogbo àṣẹ.
Ọlọ́jọ́-mẹ́rìnlá tó wọlé nígbà òjò àkọ́rọ̀,
Tó jẹ ewébẹ̀ tuntun, tó jẹ àgbàdo tuntun, tó dúró de iṣu tuntun,
Kí iléèwé tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ ní oṣù kẹsàn-án.
Mẹ́rìnlá tó ga ju òṣùpá lọ,
Mẹ́rìnlá tí ọmọ mi bọ́ sínú rẹ̀ tó fi jáde pẹ̀lú bàtà tó ti há.
Asọ-ìyá-di-tíṣà, o kò sanwó oṣù kan fún mi,
O kò fún mi ní ìwé ẹ̀rí, o kò kọ "ẹ ṣeun" sí mi.
Lọ gbélé tìrẹ náà.

Bí irú rẹ̀ bá tún fẹ́ wáyé, ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín ní Adó àti ní Àbújá, ilé ìkẹ́rù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí kí ẹ tó ti tiwa. Bí ẹ bá sì pè é ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́rìnlá.