Ẹ Fọ̀rọ̀ Lọ Àgbà: Òjò Gba Orí Okùn Wọlé

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lóṣù kẹrin, àwọn ará Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ kò kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ àna àti owó èlé mọ́. Ọ̀rọ̀ àmáàkì ló kù: ibùsùn aláṣọ tí wọ́n ń so mọ́ igi méjì, tí wọ́n sì ń ta báàṣì bò nítorí òjò. Àwọn kan rà á ní Àjàṣẹ́, ọmọ fi ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn láti òkè òkun, ẹnì kan sì jẹ́wọ́ pé òun yá ti àǹtí òun láìsọ fún un. Mo ka gbogbo ẹ̀sùn tí ẹ fi kan àmáàkì yìí tán. Kò jẹ̀bi ọ̀kankan nínú rẹ̀.

“Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko àgbàdo mi wà lọ́nà Yókò. Ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò ń jẹ ẹ́ lóru, ni mo bá ra àmáàkì kí n lè máa sùn síbẹ̀, mo sì ra báàṣì tuntun pẹ̀lú rẹ̀. Báàṣì náà kò ya, kò lu. Síbẹ̀, nígbà tí òjò dé, ìdí mi ni omi ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ń wẹ̀ lórí ibùsùn. Ìyàwó mi ní ọ̀tá ló rán òjò náà sí mi. Kí ni kí n ṣe? Èmi Ẹni Òjò Pa Lábẹ́ Báàṣì, Sakẹ́tẹ́ Kìíní.”

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ bá mi kí ìyàwó. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó bá lágbára àtirán òjò, oko ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rán an sí lóṣù kẹjọ tí òjò bá dáwọ́ dúró. Okùn yín ló mú omi wọlé. Báàṣì kò bo okùn náà dé ara igi. Ibi tó yọ síta ni òjò ti ń bá a. Òkè ni okùn ti so mọ́ igi, ìsàlẹ̀ ni àmáàkì wà, omi kò sì ní ẹsẹ̀ tó fi ń gòkè. Ó dì mọ́ okùn, ó ń yọ́ bọ̀, ó gba abẹ́ báàṣì kọjá bí àlejò tí onílé fúnra rẹ̀ pè, ó kan aṣọ, aṣọ fà á mu. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àmáàkì náà, ìdí yín ló wúwo jù, òun ló sì rẹlẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni gbogbo omi náà ti lọ ṣèpàdé.

Ẹ wá àkísà tó gùn tó ìka ọwọ́ yín. Ẹ so ó mọ́ okùn níbi tó ti wọ abẹ́ báàṣì, kó tó kan aṣọ àmáàkì, kí ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Apá méjèèjì ni o, apá orí àti apá ẹsẹ̀. Omi tó bá ń bọ̀ lórí okùn yóò yà sára àkísà, yóò kán sílẹ̀ fún èèrà mu. Ara ṣòkòtò tiyín ni kí ẹ ti gé e, ẹ má gé e lára ìró ìyàwó. Ọ̀tá tí ẹ máa rí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti òkèèrè.

Ẹ tún wo ibi tí báàṣì kọjú sí. Òjò oníjì tó máa ń já wa ní òrùlé nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá, ìwọ̀-oòrùn ló ń lọ. Ìyẹn ni pé Nàìjíríà ló ti ń gbéra, kò sì sí aṣọ́bodè tó dá a dúró rí ní Ìgólò kí ó bi í pé kí ló rù. Ẹ fa etí báàṣì tó kọjú sí Nàìjíríà wálẹ̀ dáadáa, ẹ kàn án mọ́lẹ̀. Ẹ lè gbé ti apá Àgbómẹ̀ sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà. Báàṣì sì gbọ́dọ̀ gùn ju àmáàkì lọ lápá méjèèjì: bí àmáàkì bá jẹ́ mítà 3, mo fẹ́ kí báàṣì tó mítà 3 àtààbọ̀. Òjò tí ìjì ń tì kì í rọ̀ lóròó, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé.

Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, ó ku ohun kan tí mo rò pé ẹ kò tíì rò. Ẹni tó bá sùn nínú àmáàkì gbígbẹ, tí atẹ́gùn ń mì ín jẹ́jẹ́, kò ní gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kankan. Lálẹ́ ọjọ́ tí omi fi wọlé yẹn, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ jẹ àgbàdo? Ẹ kò sọ fún mi pé ó jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ṣíṣọ́ oko lẹ bá wá lóòótọ́, ẹ fi àkísà náà sílẹ̀.

“Àgbà mi, ọmọ wa tó wà ní Nantes fi àmáàkì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkọ mi kò ti wọ yàrá mọ́. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, pé nínú àmáàkì nìkan ló ti ń rọ òun lọ́rùn. Àárín igi máńgòrò méjì ló ń sùn, ó ń hanrun tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Mo fẹ́ kó padà wọlé, àmọ́ n kò fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo ní ọwọ́ níbẹ̀. Ìyá Àbíkẹ́yìn, Pobẹ̀.”

Ìyá Àbíkẹ́yìn, nínú gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tí ẹ ń wá. Mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ má fọwọ́ kan okùn náà o.

Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹnì kan máa dá a lábàá fún yín pé kí ẹ fà á le díẹ̀, pé bí kò bá rọ̀ mọ́, kò ní dùn ún sùn mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò. Ká ní Bàbá Àbíkẹ́yìn wọn kílò 80. Bí okùn bá dagun sọ̀ kalẹ̀ láti ara igi ní ìwọ̀n díígírì 30, okùn kọ̀ọ̀kan ń fa kílò 80, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fà á le títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ gbalaja, tó ku díígírì 10, okùn kọ̀ọ̀kan ti ń fa nǹkan bíi kílò 230. Bàbá kò jẹ iyán kún un o. Okùn ló le. Bó bá sì já lóru, ta ni yóò máa fi òróró pa ìdí fún oṣù méjì? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀. Ẹ lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sùn sí i gan-an. Ó dá mi lójú pé gbọọrọ ní àárín ló ń sùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Kó dábùú díẹ̀: kí orí yà sápá òsì, kí ẹsẹ̀ yà sápá ọ̀tún. Aṣọ náà á tẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn á nà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ti ń sùn sínú àmáàkì láti ìran dé ìran ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ṣe ń sùn sí i. Nígbà tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹ̀yìn náà sì dákẹ́, ẹ wá bi í létí gbogbo ẹbí pé ẹ̀yìn ńkọ́. Ẹni tó bá ní ó ti san ti pàdánù àwáwí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò tíì san ti jẹ́rìí pé àmáàkì kò ṣiṣẹ́.

Bí ìyẹn kò bá mú un, ẹ ṣe sùúrù di ìgbà ọyẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, mátírẹ́ẹ̀sì ló ń bá wa pa ooru ìsàlẹ̀ mọ́. Nínú àmáàkì, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ẹni kọjá ní gbogbo òru, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn tẹ́ sábẹ́ ara rẹ̀ kò sì wúlò púpọ̀, torí ara ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Láàárọ̀ kùtù oṣù kìíní, ìdí Bàbá Àbíkẹ́yìn á ṣàlàyé ohun tí ẹnu yín kò lè sọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń so bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ àmáàkì láti òde, níbi tí ara kò ti ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ ìyẹn fún un. Ẹ fi ojú ìwé yìí di àkàrà kó tó jí.

“Sí Àgbà. Ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní Kálàfí wá lo ìsinmi nílé. Ẹ̀gbẹ́ títì ló so àmáàkì sí, ó ń sùn lójú gbogbo ayé. Bàbá mi sọ fún wa pé nígbà tiwọn, òyìnbó ló ń sùn sínú nǹkan yẹn, àwa ni wọ́n ń kó rù ú. Ojú ń tì mí. Bàbá Àgbà, Sakẹ́tẹ́ Kìíní.”

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá yín kò purọ́. Ṣùgbọ́n òyìnbó náà, ńṣe ló rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí Christopher Columbus gúnlẹ̀ sí àwọn erékùṣù Bahamas ní 1492, inú àmáàkì olówùú ló ti bá àwọn ọmọ onílẹ̀. Àwọn atukọ̀ rí i pé kò gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó ti di ohun ọlá. Richard Burton tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán sí Ọba Glèlè ti Dàhọ̀mì ní ìparí 1863, inú àmáàkì ló wà tí wọ́n fi ń rù ú láti Wídà lọ sọ́nà Àgbómẹ̀. Àwọn ìjòyè Dàhọ̀mì pàápàá ń gùn ún. Wọ́n á fi òpó gígùn kan gbé e, àwọn èèyàn á fi orí rù ú, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á máa wo sánmà.

Igi ló ń ru ọmọ-ọmọ yín. Igi kò gba owó ọ̀yà, kò sì sọ ìtìjú rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ohun tó ń dùn yín ni pé kò sẹ́ni tó ru ẹ̀yin rí. Nítorí náà, ẹ pàṣẹ fún un bí àgbà pé kó gbé e kúrò ní títì, kó so ó sẹ́yìnkùlé, níbi tí ojú kò tó. Bó bá lọ sọ́jà, ẹ lọ sídìí àmáàkì náà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ya aṣọ náà, ẹ jókòó sí àárín rẹ̀ gan-an, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ má fi orúnkún ṣáájú. Àgbàlagbà tó bá fi orúnkún wọ àmáàkì, gbogbo agboolé ni yóò pé wá gbé e nílẹ̀, ẹnu kò sì ní lè ròyìn ìtìjú náà tán.

“Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ mú ọ̀rẹ́bìnrin mi lọ sùn nínú igbó Pobẹ̀. Ṣé àmáàkì ẹlẹ́ni méjì ni kí n rà? Mo ti rí ìrókò kan tó wù mí. Ọmọ Ìgànná.”

Àbúrò, igbó yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó bá ti ní àmáàkì. Igbó ìjọba ni, kò ju ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà lé díẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó ti wà níbẹ̀ láti 1922 ló wà, ó sì wà lára ìwọ̀nba igbó kìjikìji tó ṣẹ́ kù fún wa. Lọ gba àyè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó. Bí o bá bẹ̀rù láti sọ ohun tí o fẹ́ lọ ṣe fún wọn, bàbá ọmọbìnrin náà ńkọ́?

Àmáàkì ẹlẹ́ni méjì jẹ́ ti ìjókòó. Àárín ni gbogbo ẹrù ń yí lọ. Ìfẹ́ ni títí di ọ̀gànjọ́, ìgúnpá ló kù di ìdájí. Ra méjì, kí ẹ jọ wà lábẹ́ báàṣì kan. Okùn pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 àtààbọ̀, ó kéré tán, ni kí o fi so ó, irú èyí tí àwọn onílọ́rì fi ń di ẹrù. Okùn tín-ín-rín máa ń gé èèpo igi. So ó kí ìdí rẹ má ga ju àga lọ nígbà tí o bá jókòó. Má so ó mọ́ ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Gbójú sókè kí o tó sùn: ẹ̀ka gbígbẹ máa ń já, ìdì ẹyìn kan sì lè tó kílò 20. Ní ti ìrókò, ó lágbára láti gbé ẹ̀yin méjèèjì. Lọ bi àwọn àgbà Ìgànná bóyá àwọn tó ti ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fẹ́ àlejò.

Àwọn tó kù, kíákíá.

Ẹni tí ìjàlọ bá lórí àmáàkì ní Ìta-Ìjẹ̀bú: okùn ni wọ́n gbà, bí omi. Fi àkísà tó mu kẹrosíìnì wé okùn nídìí igi, kí o sì fi sìgá sílé.

Tíṣà tí ẹ̀fọn ń jẹ lẹ́yìn nígbà tí àwọ̀n bo iwájú rẹ̀: aṣọ àmáàkì yín fẹ́lẹ́, ẹnu ẹ̀fọn ń gbà á kọjá láti ìsàlẹ̀. Ẹ ra èyí tó ní aṣọ ìlọ́po méjì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí àwọ̀n náà yí yín ká tòkè tilẹ̀. Àwọ̀n olóògùn tí wọ́n pín fún yín, tí ẹ fi ń bo ewébẹ̀ nínú ọgbà, ẹ lọ tú u wá. Tètè kì í ṣàìsàn ibà.

Ẹni tó bi mí bóyá òun lè so apá kan mọ́ òpó iná SBEE: rárá. Mo tún lẹ́tà yín kà bóyá àwàdà ni. Rárá náà ni.

Ẹni tó fẹ́ ra tuntun: olówùú lẹ́wà, ó dára fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó ń pẹ́ kó tó gbẹ, ó sì ń jẹrà. Náílọ́ọ̀nù ni ti òjò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó sókè nínú ìsọ̀, kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀. Bó bá ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ.