Ìyá Ẹlẹ́kọ Dé Freetown

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ ilé wa yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé níyàwó wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti ti Freetown ní Sierra Leone dé, a ò sì rímú mí mọ́ nínú agboolé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ síbẹ̀, ló ní kí màmá wá bá òun wẹ ọmọ. Ẹni tó jẹ́ pé bó bá dé etí odò Ọbà, ọwọ́ èèyàn ló ń dì mú!

Ẹ sì wá wò ó, òdìkejì omi ni pápákọ̀ òfurufú wọn, Lungi, wà. Bẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù tán, ẹ ó tún wọkọ̀ ojú omi kẹ́ ẹ tó dé ìgboro. Wọ́n gbé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wọ̀ ọ́ lórí léèsì, ó ní àyà òun ò ráyè mọ́. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí i lójú, ó fa ọmọkùnrin kan lọ́rùn mọ́ra. Ó ní ọ̀gá báńkì ni. Irọ́ ni! Ọ̀gá báńkì wo ni yóò jókòó kí ẹlẹ́kọ máa fún un lọ́rùn?

Ó ní nígbà tóun lajú, òkè lòun rí. Òkè yẹn náà ni àwọn Potogí rí ní 1462 tí wọ́n fi sọ ilẹ̀ ọ̀hún lórúkọ kìnnìún. Òkun nísàlẹ̀, òkè lókè, ilé pákó àtijọ́ láàárín. Ẹni tó ń gbé Regent lórí òkè tó sọ̀kalẹ̀ wá ra iyọ̀, orúnkún rẹ̀ á gbọ́ bó bá ń padà lọ. Ló bá ń fi wá ṣẹ̀sín pé Ọ̀yọ́ tẹ́ bí àwo.

Kì í kúkú ṣe òun ló kọ́kọ́ rìnrìn àjò nílé wọn. Gánà ni bàbá rẹ̀ ti ń tajà kí Busia, olórí ìjọba ibẹ̀, tó fún àwọn àlejò tí kò níwèé lọ́sẹ̀ méjì péré láti kúrò lọ́dún 1969. Ilé kún l'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ́dún náà! Níbo ni mo bá a dé ná? Ẹ̀n-ẹ́n, ìkọ́mọ.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ Kirió, ẹ̀yà kan ní Freetown, ní òun ń bọ̀ wá bá wọn ṣe komojade. Ìyá Ẹlẹ́kọ wọ̀tún wòsì, ó rò pé ará Tàkíé l'Ógbómọ̀ṣọ́ kan ló ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn ń dín àkàrà fún òkú ọ̀run, àwọn ń ra aṣọ ẹbí, eégún sì ń jáde. Ó bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.

Èmi tí mo ka Ìwé Mẹ́fà ni mo là á yé e. Èèyàn wa ni wọ́n! Nígbà tí wọ́n ń ta ará Ọ̀yọ́ lẹ́rú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa gbà wọ́n lójú òkun, Freetown ni wọ́n sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí. Ṣé ẹ mọ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, lọ́nà Ìsẹ́yìn níbí? 1821 ni wọ́n fokùn sí i lọ́rùn, 1822 ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó wà lára akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ọmọdé yẹn náà bẹ̀rù omi, kò sì sí ọ̀gá báńkì tí yóò dì mú.

Igi àràbà ńlá àárín ìlú Freetown ńkọ́? Ìjì ti wó o ní May 2023. Ìyá Ẹlẹ́kọ kàn bá kùkùté ya fọ́tò ni.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ nínú yín, ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, òjò ibẹ̀ kì í ṣeré. Wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, ẹ ṣáà mú ìwé ìrìnnà dání. Ẹ yọ owó ọkọ̀ ojú omi sọ́tọ̀, ẹ má sì wọ léèsì.