Àkísà Tòkunbọ̀

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tíì dé Kútọnu ni. Ká ní ó débẹ̀, tó rí pápá tí wọ́n to ọkọ̀ àlòkù sí lọ súà, tó rí ọmọ ọdún 26 tó ń nawọ́ sí ọkọ̀ tó ti lo ọdún 17 lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó ń ní "tèmi nìyẹn", ì bá gbé òwe rẹ̀ mì. Àkísà ni ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Owó gidi ló fi ń rà á, á sì tún pe àwọn alfa wá ṣe àdúà sí i.

Ohun tí àgbà ní lọ́kàn kúkú yé wa. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á ra aṣọ lóòjọ́. Àkísà kò ṣeé rà. Ó dìgbà tó o bá wọ aṣọ náà lọ sóko, tó o wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ, tí òjò pa á, tí oòrùn sá a, tí ìyàwó rẹ lẹ̀ ẹ́ níbi ìgúnpá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ rí láyé àwọn bàbá wa. Ní 1975 ni Pijó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé iṣẹ́ wọn ní Kàdúná; ọdún yẹn náà ni Volkswagen ń to Ìjàpá l'Ékòó. Olùkọ́ tàbí akọ̀wé ìjọba tó bá rí owó ọkọ̀ yá á gbé e tuntun, ọ̀rá ṣì wà lórí àga. Tó bá fi máa pé ogún ọdún, ọkọ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ̀ ọ́ gbó wà nílé. Bàbá á na ìka sí ara ilẹ̀kùn tó tẹ̀ wọlé: "Ọ̀nà Jẹ́bà lèyí ti ṣẹlẹ̀, lóru ọjọ́ tá a bí ẹ."

Ìgbà tó di 1986, tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó lọ wá iye tiẹ̀ lọ́jà, owó-oṣù kò ká tuntun mọ́. Àsìkò yẹn ni Tòkunbọ̀ di orúkọ ọkọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé là ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ jòjòló tí wọ́n ń wọ ìbọ̀sẹ̀ wẹ́wẹ́ fún. Èyí tó ń ti ojú òkun bọ̀ yìí ti hewú, làkúrègbé wà lórúnkún rẹ̀, ó ti bá ọkọ mẹ́ta gbé, a ṣì ń kí ara wa pé, "Ẹ kú oríire o, mo gbọ́ pé ẹ ra ọkọ̀ tuntun." Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, wọ́n ní èbúté ni kí gbogbo wọn gbà. Àkísà wá wọ́n ju aṣọ lọ.

Mo ní aládùúgbò kan ní Tanke, n'Ílọrin níbí. Ọmọlúàbí ni, kì í kọjá láìkí mi. Ó jogún ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ọkọ̀ tí gbogbo ìwé rẹ̀ pé, tí bàbá ń kọ ọjọ́ tó bá pààrọ̀ ọ́ọ̀lì sẹ́yìn kàlẹ́ńdà mọ́sálásí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí ìyá àgbà tó ń sùn. Wàhálà kan ṣoṣo tó ní ni pé ó gbó. Wọ́n pe ọmọkùnrin yìí síbi yìgì kan ní Gàá Àkáńbí, àwọn tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní kó lọ gúnlẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà lẹ́yìn àwọn ìkòkò ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kí oṣù tó parí, ó ti ta ogún bàbá rẹ̀ fún káfíńtà kan níye àgbò Iléyá méjì, ó yáwó nílé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó-oṣù rẹ̀ fọ́dún méjì, ó ní kí n sin òun lọ ra ọkọ̀.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà (mi ò ní dárúkọ rẹ̀) sọ fún wa pé 2008 ni. Mo bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà ṣáṣí níbi tó máa ń wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá òsì. Àmì 17 ni, lẹ́tà àti òǹkà tó lọ́ mọ́ra wọn, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún tí wọ́n kà sí ọkọ̀ lórí. Èyí tí mo rí níbẹ̀ ni 6. Mo ní, "Ọ̀gá, 2006 nìyí." Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Alájì, ọdún tí wọ́n rọ irin rẹ̀ lẹ ń wò yẹn. 2008 ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn." Mo wo ara táyà, òǹkà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tí wọ́n fi ìpara kùn tó ń dán yinrinyinrin náà ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè lábẹ́ àga awakọ̀, mo bá iyanrìn tó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun, ó ti gbẹ mọ́ ìdí bóòtù tó mú àga dúró. Iyanrìn ilẹ̀ Kwara kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ló mu omi yó níbẹ̀, a ò sì gbọ́ pé wọ́n sin gbogbo wọn. Mi ò ní láti ibẹ̀ lèyí ti wá o. Mo kàn ní kí ọmọ náà fi imú sí i.

Ó fi imú sí i. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i bí iná iwájú rẹ̀ ṣe ń dán?"

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ọkọ̀ ti wọ̀ ọ́ lójú. Àwọn orúkọ tí a ń sọ wọ́n gan-an tó kó síni lórí. Camry ti 1992 sí 1996 ni Orobo. Pencil Light tẹ̀ lé e, Big Daddy tẹ̀ lé ìyẹn, Muscle dé. Lágboolé Honda, Accord 2003 ni End of Discussion, àbúrò rẹ̀ ni Evil Spirit. Ẹ wo ìlú tí gbogbo wa ti ń kírun yìí: ká ní ọmọ ènìyàn ló ń jẹ́ Ẹ̀mí Èṣù, wọ́n á ti fi omi rúkíyà wẹ̀ ẹ́ títí awọ ara rẹ̀ á fi bó. Ọkọ̀ ló jẹ́ ẹ, a ń fi í yangàn. Ti End of Discussion ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 2004, Honda fúnra wọn pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà l'Ámẹ́ríkà nítorí jíà, Accord oní V6 ti 2003 sì wà lára wọn. Àwọn tó ni ín ṣì ń jíròrò lọ́wọ́ nígbà tí àwa níbí ń kéde pé ìjíròrò ti parí.

Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mò ń bú ẹlòmíì? 1999 ni wọ́n rọ tèmi. Mi ò ní sọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, kí wọ́n má lọ rò pé mo fẹ́ gba owó ìtanràn. Ọkọ̀ tó ti sìn mí tó báyìí, tó bá ń wú ikọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru Ìlọrin ń hó bí ọbẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Gẹ̀rì Àlímì ni abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìgbóná gòkè lọ fi orí kan pupa. Èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ mi méjì sọ̀ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ọ̀kan bọ́ sẹ́yìn lápá òsì, èkejì bọ́ sápá ọ̀tún, wọ́n ń tì í. Iṣẹ́ wọn ti mọ́ wọn lára. Mẹkáníìkì mi tajú kán rí wa, ó ní, "Alájì, ọ̀rẹ́ wa tún ti dé." Ó da píọ̀ wọ́tà méjì sórí ràdíétọ̀, ó dúró kó tutù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn, mẹkáníìkì mìíràn ti yọ tẹ́mósítáàtì dànù, ó ní tìtorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Mo gbà. Bẹ́ẹ̀, ohun kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ibi tó yẹ, kó má bàa mu epo ní ìmukúmu. Mo sì ń da omi ẹ̀rọ lásán sínú ràdíétọ̀ dípò omi olóògùn tó yẹ, torí omi ẹ̀rọ ò gba kọ́bọ̀. Ìpẹtà wá jẹ inú pọ́ǹpù omi bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Mo ní kí n ra pọ́ǹpù tuntun. Mẹkáníìkì fi ọwọ́ tó dúdú fún ọ́ọ̀lì nu imú. "Tuntun? Kò ní lo oṣù mẹ́ta. Ẹ wá Bẹ́ljíọ̀m." Orílẹ̀-èdè ni Bẹ́ljíọ̀m lójú máàpù, lẹ́nu àwa, ohun tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó kú sẹ́yìn odi ni. Mo san owó, mo fi àkísà lẹ àkísà.

Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sí: búṣì, ṣọ́ọ̀kì, plọ́ọ̀gì, bátìrì, bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì, búṣì lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàwó mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, rò ó pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní owó tí mo ti ná lé e lórí ti tó ra irú rẹ̀ mẹ́ta níye tí mo rà á. Mo fèsì tí gbogbo wa máa ń fọ̀: "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa." Ó tún mú ọ̀rọ̀ páálí wá. Lábẹ́ ibùsùn wa ni páálí náà wà, ibẹ̀ ni mò ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá tú lára ọkọ̀ sí, kílíìpù, róbà, bẹ́líìtì tó ti là, iná ẹ̀yìn ajákù. Ó ní kí n bá òun sọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe lọ́run.

Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó ₦200 lójú ìwé ìjọba fò kọjá ₦500. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wá di ẹṣin Ìlọrin, tó jẹ́ ọjọ́ ọdún ló ń jáde. Kòrópe ni aládùúgbò mi ń wọ̀ lọ sí Post Office láàárín ọ̀sẹ̀; bó bá di Jímọ̀, á fọ ọkọ̀ rẹ̀, á tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún pa á. Àwọn tó sọ ìtàn ìlú yìí fún wa ní òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ló fún un lórúkọ. Irin ló wá ń lọ̀ wá báyìí, bẹ̀rẹ̀ láti àpò.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, a ti kírun ìṣáà tán, mo gbọ́ "sàlámù àlékùm" lẹ́nu géètì. Ọmọkùnrin náà ni, ó tan iná fóònù, apá ẹ̀wù rẹ̀ rin fún omi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fẹ́ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Ọ̀fà. Ìdérí ràdíétọ̀ ti fò dànù sójú ọ̀nà, ó wá a títí, kò rí i, gbogbo ìsọ̀ ti tì. "Mo ní bóyá ẹ lè ní àlòkù kan nílé."

Mo bi í bóyá olórí kékeré ni àbí olórí ńlá.

Kò mọ̀. Ìyàwó mi ti tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti fa páálí jáde lábẹ́ ibùsùn. Méjèèjì wà níbẹ̀.