Ìtọ́sọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Di Gbajúmọ̀ Akàròyìn Láti Ṣómólú

Ìwọ tí o fẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà máa rí ojú rẹ láago mẹ́sàn-án alẹ́, orí ire lo gbé wáyé: Ṣómólú nilé rẹ. Níbo ni wọ́n tún ti ń tẹ ìwé tó ibẹ̀ ní gbogbo Èkó? Má wulẹ̀ wáṣẹ́ lọ síbì kankan. Tẹ iṣẹ́ náà. Wọ ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí lọ́nà Bajúláyé, níbi tí òórùn yíǹkì ti ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀rọ Kord ń ké gbàkà-gbàkà, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń fi etí bébà tí wọ́n gé kúrò nu ọwọ́. Ní kí ọ̀gá kọ "Ògbóǹtarìgì Akàròyìn" sábẹ́ orúkọ rẹ lára káàdì, kí lẹ́tà rẹ̀ máa dán bíi góòlù. Bó bá bi ọ́ pé, "Bọ̀dá, ilé iṣẹ́ wo lẹ ti ń kàròyìn?", rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìlara ló ń bá a jà.

Ó kan ohùn. Aláìmọ̀kan kan á ní kí o máa kàwé sókè láràárọ̀. Má dá a lóhùn. Fónẹ́ ló jù. Fimú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo "h" tó wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, kí o lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ẹ́ẹ̀gì àti ọ́rẹ́ǹjì. Ìyá rẹ tó ń ta ẹja ní Ìlàjẹ Bàrígà kò ní gbọ́ ohun tí o ń wí, ará Lọ́ńdọ̀nù náà kò ní gbọ́. O ti dépò nìyẹn.

Ìròyìn Yorùbá ńkọ́? Ṣebí ọmọ Yorùbá ni ọ́, kí lo tún fẹ́ kọ́? Lọ́pọ̀ yàrá ìròyìn, Gẹ̀ẹ́sì ni ìròyìn máa ń bá wọlé, ẹni tó máa kà á ló máa ń túmọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn nígbà tó ku díẹ̀ kí iná sítúdíò tàn. Àgbà akàròyìn á fi bíírò fàmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè dójú tì í. Ìwọ, má fi yíǹkì ṣòfò. "Ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn ní Onípáànù": kà á bó bá ṣe bọ́ sí ọ lẹ́nu. Bó bá di "ọkọ méjì", àwọn tó ń wò ọ́ á máa wá ìyàwó tó fa ìjà, orúkọ rẹ yóò sì kárí àdúgbò kílẹ̀ tó mọ́.

Àwọn kan á máa fi ìtàn dẹ́rù bà ọ́. Wọ́n á ní Àníkẹ́ Agbájé-Williams, tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nígbà tí tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ti ń ṣiṣẹ́ lórí rédíò tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì ńlá, tọ́jú fíìmù nílé iṣẹ́ yẹn kan náà. Má gbọ́. Julie Coker ni kí o dì mú: ó gba adé ọmọge tó rẹwà jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1957, ó sì dé orí WNTV. Ṣé o rí i? Ojú rírẹwà ti tó. Bí ó ṣe pẹ́ tó lórí iṣẹ́ lẹ́yìn tí adé ti kúrò lórí, má béèrè lọ́wọ́ mi, ìdáhùn rẹ̀ á ba ìtọ́sọ́nà yìí jẹ́.

Èyí tó tún máa ń bí mi nínú ni ti John Momoh. Yunifásítì Èkó ní Àkọkà ló lọ, ìdí Bàrígà níbẹ̀ yẹn. Ó kàròyìn ní NTA. Nígbà tí òfin ọdún 1992 sì fàyè gba aládàáni láti ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, òun àti Ṣọlá ìyàwó rẹ̀, tóun náà jẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, gbé tẹlifíṣàn Channels sórí afẹ́fẹ́ lọ́dún 1995. Ta ló ráyè ìyẹn? Fóònù rẹ ní kámẹ́rà. Ra kóòtù òkirìkà ní Yábà, wọ ṣòkòtò péńpé sí i nísàlẹ̀, kí o dúró níwájú bánà tí wọ́n ya ilé gogoro Amẹ́ríkà sí. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń bú, sọ pé ojú ogun lo ti ń ròyìn.

Má jáde lọ wá ìròyìn o. Lóòótọ́, ọ̀sà wà ní Bàrígà, àwọn tó ń wa yanrìn ń mù sínú omi, wọ́n ń fi korobá gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rọ̀ sì kún ẹnu wọn. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ á ba bàtà rẹ jẹ́.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá sì ṣèèṣì pè ọ́ pé kí o wá máa ka ìròyìn aago márùn-ún ìdájí lọ́jọ́ Sátidé, fi fónẹ́ dá wọn lóhùn pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ nìkan lo ń kà. Ọmọbìnrin kan láti Pẹ́dírò, tó ti ń bá wọn túmọ̀ ìròyìn láti èṣí, ni wọ́n máa fún. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ó ní ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ ni.