Ìjàpá Alága àti Ìwé Ìdána

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá, ó dá lórí Erin, ó já lu Ẹyẹlé tí ń gbẹ̀bí ní Ìdó.

Ní ìlú àwọn ẹranko, láti Ìdó dé Ìfàkì, títí kan Ọ̀yẹ́ àti Ìtapà, wọ Ìkọ̀lé, ìlù ìgbéyàwó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn jáde, wọn ò rí ìyàwó kan ṣoṣo kí wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀. Oyin ìkómọ dì mọ́ inú ìgò. Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo àgbà, ṣùgbọ́n ikùn Ìjàpá ló ti ń dùn ún, nítorí alága ìjókòó ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dá ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní ìdọ̀bálẹ̀ náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì sanwó àtúnṣe. Nígbà tí ebi wọ̀ ọ́ lára, ó sá tọ Erin, ọba wọn, lọ.

"Kábíyèsí, ayé fẹ́ parẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ò gbéyàwó mọ́."

Erin pe ìpàdé. Ọ̀yẹ́ ni wọ́n fi í sí, kí ará Ìkọ̀lé má bàa ní ará Ìdó ń rẹ́ àwọn jẹ. Iyán pọ̀ níbẹ̀. Ìpàdé wo ni wọ́n ṣe rí ní Èkìtì tí kò sí iyán?

Òbúkọ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn ọmọ ìwòyí. Òun kò tíì pé ọdún méjì láyé tí òun fi ní ìyàwó mẹ́fà. (Ẹ má bi í léèrè iye ọmọ tí ó já ewé fún nínú wọn o, kí ìpàdé má bàa tú.) Ẹlẹ́dẹ̀ ní fóònù ni. Ewúrẹ́ ní ìwé tí àwọn ọmọbìnrin ń kà ló pọ̀ jù.

Òwìwí akọ̀wé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ka nǹkan kan sí wọn létí. Orí òrùlé yunifásítì àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 ló máa ń bà sí lóru, ojú fèrèsé ló sì ti ń yọjú ka ìwé àwọn ènìyàn. Ó ní àwọn ènìyàn Nàìjíríà pàápàá ti ń ṣírò tiwọn: ní 1990, ọmọ 6 ni obìnrin kan ń bí ní ìpíndọ́gba, ní 2018 ó di 5.3, nígbà tí wọ́n tún kà á ní 2023 wọ 2024, ó ti bọ́ sí 4.8. Ti ìhà Yorùbá níbí sì kéré sí ti àwọn ará òkè Ọya.

"Ọmọ tí kò pé yẹn," ni Òbúkọ béèrè, "ṣé orí ni kò ní ni, àbí ẹsẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi tutù. Adìẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Méjìlá ni mo pa," ó ní. "Láyé ọjọ́un, à ń bí méjìlá torí pé àṣá á mú tirẹ̀, ìgbóná á mú tirẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù á bá wa ro oko. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ọmọ ń yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó yè ò ro oko mọ́, ilé ìwé ló ń lọ, èmi ni mo sì ń san án. Èyí tó fẹ́ ro oko gan-an, ìkookò ń dá a lọ́nà, ó ń gbé e wọ igbó, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Mẹ́fà nínú àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó, ọ̀kan ti já pá lọ sí Kánádà. Bí òùngbẹ bá gbẹ mí lálẹ́, èmi náà ni mo ń lọ pọnmi."

Erin ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo àpọ́n máa san owó ìtanràn lóṣooṣù, kí Ìjàpá máa gbà á. Ó wá nawọ́ sí Àdàbà, tíṣà ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkọ̀lé, àti Ẹyẹlé agbẹ̀bí. "Ẹ̀yin méjì yìí, ọdún karùn-ún rèé tí ẹ ti ń fẹ́ra yín. Oṣù yìí kò gbọdọ̀ tán."

Àdàbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ó ti ń wù wá tipẹ́. Kí wọ́n fún wa níwèé."

Ni Ìjàpá bá fa ìwé ìdána yọ. Ó tú u, ó tú u, ẹnu ìwé kan gbòǹgbò ìrókò. Ó dá orin, àwọn àgbà ń gbè é:

Àna mi, gbé iṣu wá o,
— Jáńtolo jàn!
Méjìlélógójì, ọ̀kan ò gbọdọ̀ rà,
— Jáńtolo jàn!
Oyin, obì, orógbó, atare,
— Jáńtolo jàn!
Owó ìkànlẹ̀kùn, owó ìṣílẹ̀kùn,
— Jáńtolo jàn!
Owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́,
— Jáńtolo jàn!
Owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé,
— Jáńtolo jàn!
Owó ẹnu mi tí mo fi kà á,
— Jáńtolo jàn!

"Owó orí ńkọ́?" ni Àdàbà béèrè.

"Owó orí?" Ìjàpá gbọn orí. "A óò dá a padà fún yín lójú agbo. Àwa kì í ta ọmọ."

Agbo pàtẹ́wọ́. Àdàbà bi í bóyá wọn yóò dá ìyókù náà padà. Ìjàpá wò ó bí ẹni tó bú baba òun.

"Ìyẹn? A kì í dín in. Àṣà ni."

Àṣà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà ayé baba wọn, oko ni iṣu ti ń wá, ọkọ ìyàwó á sì kó ọ̀rẹ́ jọ lọ bá àna ṣe ọ̀wẹ̀. Agbára apá ló fi ń fẹ́yàwó. Ọjà ni iṣu wà báyìí, owó ọkọ̀ tó gbé e sì ti di òmíràn láti 29 oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Òwìwí ṣírò fún wọn pé owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ti Àdàbà ò sì tó bẹ́ẹ̀. Iṣu nìkan á gbé oṣù mélòó kan mì.

"Ilé ńkọ́?" Òwìwí ò tíì dákẹ́. Erin ló ni ilé tó pọ̀ jù ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, yàrá kọ̀ọ̀kan ló sì kọ́, ti akẹ́kọ̀ọ́: ibi tí ẹni kan á sùn, tí kò ní síbi tí wọ́n á tẹ́ ọmọ sí. Owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, kọmíṣọ́ọ̀nù lọ́tọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń ta aṣọ ẹbí. Ewúrẹ́ ló ni jẹ́lé-ó-sinmi. Òbúkọ ló ń yáni lówó èlé.

Agbo pa lọ́lọ́. Nígbà tó yá, Erin ní òun rò pé ó yẹ kí wọ́n dín ìwé ìdána kù. Ìjàpá ní owó ilé ni kí wọ́n dín. Ewúrẹ́ ní aṣọ ẹbí ni. Ẹlẹ́dẹ̀ ní owó jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ohùn wọn ṣọ̀kan pé kí wọ́n dín ti ẹlòmíràn kù. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ sí i, wọ́n fi Ìjàpá ṣe alága, wọ́n ní kí wọ́n máa yọ owó ìjókòó ìgbìmọ̀ nínú owó ìtanràn àpọ́n.

Bí wọ́n ti ń tú ká, Òbúkọ ké sí Ẹyẹlé pé bí ó bá wọlé ọkọ tán, mẹ́fà ni àwọn ń fẹ́ o.

"Baba, ẹyin méjì ni ẹyẹlé ń yé láti ìwáṣẹ̀," ó ní. "Ìyá tí mo gbẹ̀bí fún lóru àná, kó tó béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, iye owó ló kọ́kọ́ béèrè."

Ìgbìmọ̀ ṣì ń jókòó nígbà tí Àdàbà àti Ẹyẹlé lọ ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù láàárọ̀ kùtù. Adìẹ àti Òwìwí ló jẹ́rìí sí i. Wọ́n jẹ àkàrà. Yàrá tí àwọn ọmọ Adìẹ fi sílẹ̀ lọ sí Èkó ni wọ́n kó sí, Ẹyẹlé sì ń bá Adìẹ pọnmi.

Ẹyin méjì, ọmọ méjì. Ọjọ́ kẹjọ pé, Ìjàpá ló kọ́kọ́ dé, ó ká kúlà òfìfo mọ́ abíyá. Ó yọjú sínú ìtẹ́.

"Méjì péré?"

Ẹyẹlé fa ìwé kan yọ lábẹ́ ìyẹ́. Ó dá orin, àwọn ọ̀dọ́ ẹranko ń gbè é:

Alága, ẹ kú àbọ̀ o,
— Jáńtolo jàn!
Owó ìrí-ọmọ, owó ìgbé-ọmọ-jó,
— Jáńtolo jàn!
Owó oorun tí a ò rí sùn,
— Jáńtolo jàn!
Owó ilé ìwé ọdún mẹ́rìndínlógún,
— Jáńtolo jàn!
Owó ẹnu tí ẹ fi ní "méjì péré",
— Jáńtolo jàn!

Òógùn bo Ìjàpá. Ó wo Erin, Erin ń wo ojú ọ̀run. Ó ní ṣé kò ní ṣeé ṣe kí wọ́n bá òun gé e díẹ̀, tàbí kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀.

"Ó ṣe, alága," ni Adìẹ wí, ó ti na igbá owó sí i níwájú. "A kì í dín in. Àṣà ni."