Bàbá Ò Lóko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ fi àdá sílẹ̀ ná, ẹ̀fẹ̀ ni mo bá wá.

Lọ́dún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà ń ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ ní kí àgbẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Adéṣínà fúnra rẹ̀ ló sọ pé tẹ́lẹ̀, nínú 100 àgbẹ̀, 11 péré ni ajílẹ̀ ìjọba ń dé ọwọ́ wọn. Nígbà náà, bórúkọ ẹ bá ti wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé sórí fóònù ẹ, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ajílẹ̀: àpò NPK kan, àpò yúríà kan, ìdajì owó ni wàá san.

Kí lẹ wá ṣe? Ẹ rí òṣìṣẹ́ àgíríìkì tòun ti ìwé ńlá lábíyá, ẹ kó wọgbó! Ẹ ní owó orí ló dé. Mi ò dá yín lẹ́bi tán; ẹni tójú rẹ̀ bá rí ogun Àgbẹ̀kọ̀yà tí àgbẹ̀ jà lórí owó orí ní 1968, bó bá rí bírò létí òṣìṣẹ́ ìjọba, á wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bàbá tó gbé ọkọ́ léjìká, tí ebè iṣu tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, tó ní òun ò lóko, pé òun kàn yà wá gba atẹ́gùn ni, ìyẹn ńkọ́?

Ẹ̀yin sá, àwọn kan ò sá. Ọ̀gá kan nígboro, tó gbin tẹ̀tẹ̀ sínú kóròfo ọ̀dà lẹ́yìnkùlé, ló kọ́kọ́ dé. Ó ní hẹ́kítà márùn-ún lòun ń dá. Wọ́n ní ìgbà wo lẹ máa ń kórè gààrí? Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Inú oṣù kẹjọ ni, bí òjò ò bá bà á jẹ́." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àgbẹ̀ ńlá!

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ní fóònù, ẹ bá fún wọn ní nọ́ńbà ọmọ yín tó wà l'Ékòó. Àtẹ̀jíṣẹ́ ajílẹ̀ dé, ọmọ ní, "Àwọn oníjìbìtì yìí tún ti dé," ó pa á rẹ́. Ewé àgbàdo pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe, ẹ wá ń gbé ìjọba ṣépè.

Lọ́jọ́ tí aládùúgbò fi ọ̀kadà gbé àpò méjì kọjá, igbó mì. Bàbá wa ló yọ, ọkọ́ ṣì wà léjìká.

"Ọ̀gá àgíríìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni. Mo lóko."