Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Wọ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tó pa òwe yìí kò tíì rí káńtà ṣọ́ọ̀bù ní Jisonayili.

Ní àdúgbò Tamale yìí, ní Ghana, àgbà wà lọ́jà lóòótọ́. Òun ló tiẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Ìrẹsì àti ọṣẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tọ́fì, bísíkíìtì àti ṣíńgọ́ọ̀mù wà nínú ike tó mọ́ gaara létí káńtà, ní ọ̀gangan ojú ọmọ tí ìyá pọ̀n. Kí ìyá tó rí owó nínú báàgì, ọmọ ti yí ọrùn. Orí ti wọ́. Àgbà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì rọra ti ike náà síwájú sí i.

Bí ìyá bá ṣe agídí tí kò rà, ọ̀nà mìíràn wà: "Màmá, kò sí ṣẹ́ńjì, ẹ gba tọ́fì méjì." Báńkì Ghana kò mọ̀ nípa owó oníṣúgà yìí, síbẹ̀ wọ́n ń ná an, lápá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó kó tọ́fì náà padà lọ́la kó fi ra ọṣẹ, kó wá wo irú ojú tí wọn yóò fi wò ó.

Àwọn Yorùbá tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò ní Tamale ti mọ ọgbọ́n ìpàtẹ yìí, kí àṣẹ ìjọba Ghana lábẹ́ Busia ní 18 oṣù Kọkànlá 1969 tó fún àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù. Wọn a tú páálí ṣúgà, wọn a tà á ní kóró kóró, ọmọ a sì máa kiri àtẹ. Orí ọmọ ló ń ru ọjà nígbà yẹn (kò sẹ́ni tó ní ìyẹn dára). Lónìí, ọjà ló ń yí orí ọmọ.

Òyìnbó tó kọ́ ayé ní ọgbọ́n ẹ̀bá káńtà yìí ti ń tú u ká. Iléeṣẹ́ ìtajà Lidl kó ṣúìtì kúrò níbẹ̀ ní Bìrìtìkó lọ́dún 2014, Tesco tẹ̀ lé e. Láti 1 oṣù Kẹwàá 2022, òfin Ẹ́ńgílándì kọ̀ ọ́ fún ilé ìtajà ńlá tí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ tó 50, torí àwọn ọmọ tó ń sanra jù. Ṣọ́ọ̀bù kékeré bọ́ nínú rẹ̀.

Ní Jisonayili, oòrùn nìkan ló ń ṣe òfin. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù to ṣokoléètì sí ojú fèrèsé kí ará ọ̀nà lè rí i, nínú oṣù Kẹta tí ooru Tamale lè kọjá 37°C, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá kòkó ń yọ́ ní nǹkan bí 34°C. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti di ọbẹ̀ nínú bébà. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kó o wọ inú fíríìjì, lẹ́yìn omi inú ọ̀rá, níbi tí ojú ọmọ kò dé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ike tọ́fì tuntun ti jókòó sí ojú fèrèsé.